Èéfín Nìwà: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Àrùn Ọkọ̀ Tí Kò Yege Nínú Àyẹ̀wò Èéfín

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wọn ní Àpápá

  Ẹni tí ó ti Ajégúnlẹ̀ wá, ẹni tí ó ti Olódì wá, ẹni tí ó ti Mile 2 wá, kò sí ẹni tí kò fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí ó tó dé orí àga.

Akọ̀wé yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó tí a fi ń ra ọkọ̀, àti ìdí tí owó ìdápadà fi ń falẹ̀. Mo yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò kí n tó wá. Àwọn tí mo rí tí ń jẹ gbèsè níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe oníjìbìtì. Ọkọ̀ wọn ni ó dúró sílé. Òmíràn dúró nítorí pé kò yege nínú àyẹ̀wò èéfín, ẹni tí ó ni ín sì ń ná owó kiri láìmọ ohun tí ó ń tún ṣe. Nítorí náà, ìdí páìpù èéfín ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè lónìí.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ní ń rú. Ènìyàn ni wọ́n fi òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ọkọ̀ mu rẹ́gí. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀, èéfín yóò sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gbọ́ ohun tí èéfín ń sọ kò ní ná ìnákúnàá.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ẸGBẸ́

Ẹ jẹ́ kí a wo bí gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó ra ọkọ̀. Ènìyàn méjì fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, owó ń wọlé, ìdápadà ń lọ déédéé. Nígbà tí ó tó àkókò láti gba ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó, ẹ̀rọ ní èéfín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láìsí ìwé, àwakọ̀ ń sá fún àwọn VIO, ó ń gba ọ̀nà kọ̀rọ̀, nígbà tí ó ṣe, ó gbé ọkọ̀ jókòó. Oṣù kìn-ín-ní kọjá, oṣù kejì kọjá. Ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí i. Nígbà tí kò rí owó san, owó ìfipamọ́ àwọn onídùúró ni a fọwọ́ kàn. Ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Bọ́ńdárì, tí kò mọ ọkọ̀ wà, ni ó wá ń san owó èéfín.

Òfin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NESREA sílẹ̀ láti máa rí sí òfin àyíká. Ní ọdún 2011 ni ìlànà tí ó de èéfín ọkọ̀ oníbẹntiróòlù àti ti onídísù jáde. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àyẹ̀wò tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, èyí tí a mọ̀ sí LACVIS, ń wo bíréèkì, ó ń wo iná, ó sì ń wo èéfín pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kì í mọ ọmọ ẹni, kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Ọ̀gá, ṣé a kò kúkú lè wá ìwé náà láìgbé ọkọ̀ lọ?" Èmi kò ní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ìbínú. Ìṣirò ni n ó fi dá a lóhùn, ẹ ó sì rí i láìpẹ́. Ìwé tí a rà lẹ́yìn kò ní kí ọkọ̀ dín epo tí ó ń mu kù.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Àpápá kò nílò ẹni tí yóò sọ fún yín ohun tí èéfín ń ṣe fún ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà àti ọkọ̀ agbépo fi tò sí ojú ọ̀nà èbúté Àpápá àti ti Tin Can, tí wọ́n ń rú èéfín tọ̀sán-tòru, kí wọ́n tó gbé ètò ìpè ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ètò kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. A kò lè máa bú tírélà kí ọkọ̀ tiwa náà máa rú bí ààrò.

KÍ NI Ó Ń JÁDE NÍ PÁÌPÙ ÈÉFÍN?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti fi igi dáná rí mọ ọ̀rọ̀ yìí ju mẹkáníìkì lọ. Igi tútù a máa rú. Igi tí a kó jọ gègèrè, tí atẹ́gùn kò rí àyè wọ̀ láàrin rẹ̀, a máa rú. Igi gbígbẹ tí atẹ́gùn kàn dáadáa a máa jó geere, a sì mú ìkòkò hó kíákíá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróòlù kílò kan ń fẹ́ atẹ́gùn bí kílò mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀, kí ó tó lè jóná tán. Bí ìwọ̀n yìí bá yẹ̀, èéfín yóò sọ.

Gáàsì mẹ́rin ni ẹ̀rọ sábà máa ń wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni CO, èyíinì ni kábọ̀n mọnọ́ksáìdì. Epo tí ó jóná dé ìdajì nítorí pé atẹ́gùn kò tó ni ó ń di CO. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Gáàsì yìí kan náà ni ó ń pa àwọn tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n sì sùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìkejì ni HC, epo tí kò tilẹ̀ jóná rárá, tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì tí ó sì gba páìpù jáde bí ó ti wọlé. Ìkẹta ni CO2, èyí tí ó yẹ kí epo dà bí ó bá jóná tán. Tirẹ̀ yàtọ̀: bí ó bá ga, ìdá mẹ́rìnlá tàbí márùn-ún-dín-lógún nínú ọgọ́rùn-ún, iná ń jó dáadáa. Ìkẹrin ni O2, atẹ́gùn tí ó ṣẹ́kù. Ó yẹ kí ó kéré gan-an.

ỌKỌ̀ KAN LÁTI AJÉGÚNLẸ̀

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ń gbé Ajégúnlẹ̀ yá owó ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan. Ó ń fi í kó èrò láti Bọ́ńdárì lọ sí Mile 2. Nígbà tí ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, CO rẹ̀ jẹ́ 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún, HC jẹ́ 410, CO2 kò ju 11.6 lọ, O2 sì jẹ́ 0.4. Kò yege.

Mẹkáníìkì kìn-ín-ní wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kátálíìsì yín ti kú. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, mo mọ ẹni tí yóò rà á." Ó dára tí ẹ̀gbọ́n kò gbà. Ẹnìkejì ní sẹ́ńsọ̀ tí ń gbóòórùn èéfín ni ó bàjẹ́. Wọ́n ra tuntun. Ẹnìkẹta ní plọ́ọ̀gì ni. Wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fọ nọ́sù tí ń tú epo. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ó gbé ọkọ̀ padà lọ, CO jẹ́ 3.6. Nígbà náà ni ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí wọ́n fi owó kún èyí tí ó jẹ, kí òun lè ra kátálíìsì tuntun.

Ibẹ̀ ni ìwé náà ti kàn mí. Ìgbìmọ̀ kò kọ̀, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ lọ wá ìdí àrùn náà, kí ó sì mú èsì wá. Wọ́n darí rẹ̀ sí mẹkáníìkì àgbà kan ní Olódì-Àpápá. Ọkùnrin yìí kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó fi bèèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Láti ìgbà wo ni ó ti ń jẹ epo? Kí ni wọ́n ṣe sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Níbo ni ọwọ́ ìgbóná ń dúró bí ẹ bá ń wà á?"

Ìdáhùn náà sọ gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan. Ọkọ̀ náà gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ìhà Tin Can. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà yọ thermostat, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Oníríwáyà sì so fáànù ráídétọ̀ pọ̀ mọ́ iná tààrà, kí ó máa yí nígbàkigbà tí a bá ti tan ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ìgbóná kò kúrò ní ìtòsí lẹ́tà C. Inú ọlọ́kọ̀ dùn sí i, nítorí ó rò pé bí ọkọ̀ bá tutù, ara rẹ̀ yá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà níta yìí ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Thermostat jẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré kan tí ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó, kí ó tó ṣí i sílẹ̀ lọ sí ráídétọ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kò fi í síbẹ̀ nítorí òtútù ilẹ̀ òyìnbó nìkan. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ìgbóná tí ó tó bí 80 sí 95 ní ìwọ̀n Celsius kí epo tó lè di oru kí ó sì jóná tán. Sẹ́ńsọ̀ kan ń sọ ìgbóná omi náà fún ọpọlọ ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Bí omi bá tutù, ọpọlọ yóò rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ni, yóò sì máa dá epo kún epo. Ọkọ̀ wa yìí wà ní òwúrọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, fún ọdún kan gbáko.

Mẹkáníìkì náà tan ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó so skánnà mọ́ ọn. Ìgbóná omi jẹ́ 61. Ó yọ plọ́ọ̀gì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i: ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wá béèrè ohun tí kò sí ẹni tí ó béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́: kí ni ó mú ọkọ̀ gbóná nígbà náà? Ìdérí ráídétọ̀ ni. Kò dè mọ́, omi ń hó jáde níbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ìdérí, wọ́n fi thermostat sí i, wọ́n sì dá wáyà fáànù padà sí ipò rẹ̀. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó owó sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ padà sí àyẹ̀wò, CO jẹ́ 0.2, HC jẹ́ 90, CO2 gòkè dé 14.8. Kátálíìsì àtijọ́ tí wọ́n ní ó ti kú ni ó bá a yege.

Ìṣirò tí mo ṣèlérí nìyí. Ọkọ̀ yìí ń mu epo 20,000 náírà lójúmọ́. Pẹ̀lú CO tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá epo náà ń ṣòfò. 2,000 náírà lójúmọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù, ó di 52,000 náírà. Owó ìdápadà rẹ̀ lóṣù jẹ́ 65,000 náírà. Ẹ gbọ́ o: ohun tí ó ń gba páìpù jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ó jẹ ẹgbẹ́. Bí ẹnìkan bá ti bá a wá ìwé lẹ́yìn, ìwé yóò wà lọ́wọ́, 52,000 yóò sì máa lọ.

BÍ A ṢE Ń KA ÌWÉ ÈSÌ

Ẹ má ṣe jù ìwé tí ẹ fi kùnà nù. Ìwé náà ni atọ́nà yín. Fún ìfiwéra, ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tí ó ní kátálíìsì, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, CO rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.2 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, tàbí 0.3 nígbà tí ó bá rọra ń mí. HC kò sì gbọdọ̀ ju 200 lọ. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ìwọ̀n tiwọn tí ó fẹ̀ ju èyí lọ.

Bí CO bá ga, tí O2 kéré, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Ẹ wo àsẹ́ atẹ́gùn bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Ẹ wo ìgbóná ẹ́ńjìnnì bí mo ti sọ. Ẹ wo nọ́sù tí ń jò àti agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo. Ní ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kábúrétọ̀, ẹ wo ìdè kábúrétọ̀ àti ṣóòkù tí kò padà.

Bí HC bá ga púpọ̀, tí CO kò ga, tí O2 sì pọ̀, epo ń wọlé ṣùgbọ́n kò gbiná. Ojú kan nínú ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti wáyà wọn ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí wọ́n bá dára, kí a wọn agbára ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì, bóyá fáàfù tàbí ríìngì ni ó ti jẹ.

Bí O2 bá pọ̀, tí CO kéré, atẹ́gùn ń wọ ibi tí kò yẹ. Ó lè jẹ́ rọ́bà tí ó là lẹ́yìn àsẹ́ atẹ́gùn, ó sì lè jẹ́ ihò lára páìpù èéfín fúnra rẹ̀. Ihò kékeré tí alurinmọ́rin lè dí lè mú kí sẹ́ńsọ̀ máa purọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀.

Bí gbogbo wọn bá wà ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí a sì ti yẹ gbogbo nǹkan yòókù wò, nígbà náà ni a tó lè fura sí kátálíìsì. Òun ni a ń wò gbẹ̀yìn.

Ojú lásán náà ń ríran. Èéfín dúdú: epo ti pọ̀ jù. Èéfín aláwọ̀ aró: ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná: omi ń wọ inú iná, ẹ ṣọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ onídísù, ìdúdú èéfín gan-an ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wo àsẹ́ atẹ́gùn, lẹ́yìn náà nọ́sù, lẹ́yìn náà túbò àti àwọn rọ́bà rẹ̀. Ẹrù tí ó ju agbára ọkọ̀ lọ náà ń mú un rú.

ÈTÒ TÍ Ó YẸ KÍ A TẸ̀LÉ

1. Kí ọkọ̀ gbóná dáadáa kí a tó gbé e dé ibi àyẹ̀wò. Kátálíìsì kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá tutù. Ìgbóná rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 250 lọ ní ìwọ̀n Celsius. Ọkọ̀ tí ó ti kú iná sílẹ̀ lórí ìlà fún wákàtí kan lè kùnà láìní àrùn.

2. Kí a béèrè ìtàn ọkọ̀: kí ni wọ́n ti tún ṣe, kí ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n so tààrà?

3. Kí a wo ohun tí kò gba owó: ọ́ìlì, àsẹ́ atẹ́gùn, omi, ìdérí ráídétọ̀, rọ́bà, páìpù èéfín.

4. Kí a yọ plọ́ọ̀gì wò. Àwọ̀ eérú pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Dúdú gbígbẹ, epo pọ̀ jù. Rírọ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì, ríìngì tàbí fáàfù.

5. Kí a so skánnà. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti àwọn oníbẹntiróòlù tuntun tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù láti 2001, ni ojú tí a ń so ó mọ́. Nọ́ńbà P0172 ń sọ pé epo pọ̀ jù, P0171 pé epo kéré jù, P0300 pé iná ń já, P0128 pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. P0420 ń sọ pé iṣẹ́ kátálíìsì kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn: nọ́ńbà kì í sọ ohun èlò tí a ó rà. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wò ni ó ń sọ. Ihò lára páìpù èéfín lè mú P0420 jáde nígbà tí kò sí ohun tí ó ṣe kátálíìsì.

6. Kí a tún ohun kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a sì tún wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó pààrọ̀ ohun mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

TÒKÚNBỌ̀ ÀTI KÁTÁLÍÌSÌ

Inú kátálíìsì ní irin iyebíye mẹ́ta nínú: platinum, palladium àti rhodium. Àwọn ni ó ń sọ CO àti epo tí kò jóná di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Nítorí iye owó wọn ni àwọn arajàkù fi ń wá a kiri. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ tà á kò ṣe yín lóore. Owó tí yóò fún yín kò ní ra òmíràn.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní ọdún 2020, àjọ ayíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé sọ pé ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan kó ránṣẹ́ sí òkè òkun láàrin 2015 sí 2018. Ní ọdún kan náà, àwọn alábẹ̀wò ìjọba Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ tí ń ti èbúté wọn bọ̀ ní Áfíríkà wò. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ti gbó, òmíràn kò sì ní kátálíìsì mọ́. Èbúté ni ẹ ń gbé, ẹ̀yin ará Àpápá. Lójú yín ni wọ́n ń já wọn sílẹ̀. Kí ẹ tó san owó, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá páìpù lásán ni wọ́n jó mọ́ ibi tí kátálíìsì wà tẹ́lẹ̀.

Bí kátálíìsì bá kú lóòótọ́, ohun kan ni ó pa á. Epo tí kò jóná tí iná já sílẹ̀ ń jó nínú rẹ̀, ó sì ń yọ́ ọ. Ọ́ìlì ń dí i. Òjé inú epo ń sọ ọ́ di òkú. Ìyẹn wà lára ìdí tí Áfíríkà ní ìhà gúúsù Sàhárà fi pa epo olójé tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, tí Algeria sì fi jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ó pa á tì kẹ́yìn ní ayé ní 2021. Ẹni tí ó fi tuntun sí i láìwo ohun tí ó pa àtijọ́, tuntun náà yóò kú.

EPO TÍ A Ń RÀ

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ kò ṣẹ̀. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n rí bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o padà, tí ìlà ilé epo sì gùn kọjá ìwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ṣàdédé yí ìwà padà lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti rà á àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì yẹ epo wò kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwa alájẹṣẹ́kù. Àwọn òṣìṣẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, ọjà tí kò lábùlà, tí a sì wọ̀n bí ó ti yẹ, ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ará wọn máa rí rà. Ìjà kan náà ni a ń jà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Àbá mẹ́rin ni mo ní. Èkíní, kí ìgbìmọ̀ má ṣe fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ọkọ̀ láìrí èsì àyẹ̀wò èéfín rẹ̀ kí a tó rà á. Èkejì, kí ẹgbẹ́ da owó pọ̀ ra skánnà kan, kí ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa fi ìbuwọ́lùwé gbà á lò. Ẹnìkan kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ogójì ènìyàn nílò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù onímọ́tò ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, kí ó máa kọ ohun tí a tún ṣe, ọjọ́ rẹ̀, àti iye epo tí ó ń rà. Ìwé yìí ni yóò kọ́kọ́ fi àrùn hàn, kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ọkọ̀ bá kùnà, kí ọmọ ẹgbẹ́ mú ìwé èsì wá bá ìgbìmọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má ṣe fi pamọ́. A lè fún un ní àyè oṣù kan láti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fi pamọ́ títí di oṣù mẹ́rin, àwọn onídùúró rẹ̀ ni ó dá lóró.

Ẹ̀yin onídùúró, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ọkọ̀ tí ẹ dúró fún ti ń ṣe. Kì í ṣe ojúmìíto. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé ti di alájọni.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ajégúnlẹ̀ ni a ń pe àdúgbò yín. Ajé ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba páìpù èéfín jáde.

 Kí Olúwa bá wa ṣọ́ ọ̀nà o.